Igba Ìgò Tí A Kò Tẹ̀

Tẹ̀ẹ́wò ni gbogbo wa ń pè é. Bíríkìlà ni, kò sì ní ìka àárín ní ọwọ́ òsì. Búlọ́ọ̀kù ló já lé e nígbà tó ṣì ń kọ́ṣẹ́. Bí ó bá ń ka nǹkan lórí ìka, ọwọ́ ọ̀tún ló máa ń lò.

Èmi ni káfíńtà tó bá a ṣiṣẹ́. Ọdún méjì àti oṣù mẹ́rin la jọ fi ṣe é. Ohun tí mo rí ni mo kọ síbí. Èyí tí n kò rí, mo fi í sílẹ̀.

Ìdílé méjìlá ni wá. Etí ààtàn ńlá la ń gbé, nínú ahéré onípákó àti ọ̀rá. Ohun tí ìlú dà nù là ń ṣà, òun là ń tà. Ìjọba ìbílẹ̀ ní kí a kúrò. Lẹ́yìn ẹ̀bẹ̀ púpọ̀, wọ́n fún wa ní ilẹ̀ olókùúta kan lódìkejì ojú irin, tí ẹnikẹ́ni kò fẹ́. Wọ́n ní kí a fi ọwọ́ ara wa kọ́lé síbẹ̀. Wolé-wolé, ẹni tó ń yẹ ilé wò fún ìjọba, yóò wá. Bí ó bá rí ilé tó dúró dáadáa, ilẹ̀ di tiwa. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, kátapílà yóò wó gbogbo rẹ̀, kálukú yóò sì wá ibi tí orí bá gbé e lọ.

A kò lówó búlọ́ọ̀kù. Tẹ̀ẹ́wò ní a kò nílò rẹ̀. Ó ya àpò sìmẹ́ǹtì kan, ó tẹ́ ẹ sórí itan, ó gba pẹ́ńsù lọ́wọ́ mi, ó sì ya àwòrán abúlé tí a máa kọ́ sẹ́yìn àpò. Yàrá méjìlá yí àgbàlá kan ká, gbogbo ilẹ̀kùn kọjú síra wọn. Ilé ìdáná kan ṣoṣo wà láàárín fún gbogbo wa. Àgbá omi wà lókè, ilé ìgbẹ́ wà nísàlẹ̀. Àfọ́kù ilé tí wọ́n ti wó ni ìpìlẹ̀. Ìgò ike ni ògiri. Pákó tí wọ́n fi ń to ẹrù ní ibùdókọ̀ ojú omi ni ilẹ̀kùn. Gíláàsì iwájú ọkọ̀ tó ti bàjẹ́ ni fèrèsé. Àgbá epo tí a là, tí a sì lù pẹrẹsẹ, ni òrùlé.

Mo bi í pé kí ló dé tí àwọn ilẹ̀kùn fi ń wo ara wọn.

Ó ní, "Kí èèyàn má baà kú fún ọjọ́ mẹ́ta kí aládùúgbò rẹ̀ tó mọ̀."

Ó ti ṣẹlẹ̀ sí wa rí ní etí ààtàn.

Bí a ṣe ń di ìgò nìyí. Wàá sá yanrìn títí yóò fi gbẹ. Wàá rọ díẹ̀ sínú ìgò, wàá fi ọ̀pá gún un títí ọ̀pá kò fi ní wọlé mọ́, wàá tún rọ òmíràn. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni ìgò kan. Wàá wá dé e pa. Lọ́wọ́ alágbára, ìgò kan tó dára gba ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ilé kọ̀ọ̀kan ní àwọ̀ okùn tó ń so mọ́ ọrùn ìgò tirẹ̀. A máa ń dùbúlẹ̀ wọn sórí ara wọn bí igi ìdáná, ọrùn á kọjú sí inú ilé, amọ̀ á wà láàárín.

Ní gbogbo Sátidé, kálukú á kó ìgò rẹ̀ wá. Tẹ̀ẹ́wò á bọ́ bàtà, á fi ẹsẹ̀ kan dúró lórí ìgò, gbogbo ara rẹ̀ á wà lórí rẹ̀. Èyí tó bá dẹ̀, á tú u dà sílẹ̀ lójú ẹni tó ni ín. Bí onítọ̀hún bá ń jiyàn, á ní, "Tẹ̀ ẹ́ wò." Ibẹ̀ ni orúkọ rẹ̀ ti wá.

Ṣúmẹ́kà, tó ń tún bàtà ṣe, ló máa ń fi í ṣẹ̀fẹ̀ jù. Èèyàn sísanra ni. Á na ikùn síta, á ní, "Bíríkìlà, tẹ èmi náà wò. Bóyá mo kún."

"O kún. Ọ̀rọ̀ lásán ló kún inú rẹ."

"Ó dáa. Má ṣáà fi mí mọ ògiri."

Gbogbo wa á rẹ́rìn-ín.

Òfin kan wà tí Tẹ̀ẹ́wò fúnra rẹ̀ ṣe: ilé tí kò bá di ìgò kò ní yàrá. Ẹnìkan bi í pé àwọn arúgbó ńkọ́. Ó ní òfin tó bá ti ní ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, ibẹ̀ ni gbogbo èèyàn yóò máa gbà. Mo gbà pẹ̀lú rẹ̀.

Ó ní ẹ̀gbọ́n kan, obìnrin, tó fi ọdún mẹ́rìndínlógún jù ú lọ. Orí ìkúnlẹ̀ Tẹ̀ẹ́wò ni ìyá wọn kú sí. Ẹ̀gbọ́n yìí ló pọ̀n ọ́n, òun ló wá wàrà fún un, kò sì lọ sílé ọkọ títí ọmọ fi lè ru omi. Nígbà tó fi máa lọ, ọkọ ti rí ẹlòmíràn. Òun nìkan ni ilé kan nínú ilé méjìlá wa. Ọ̀rá ló ń ṣà, tó ń fọ̀, tó ń sá. Làkúrègbé ti ká ìka rẹ̀ wọnú bí ẹsẹ̀ adìyẹ tó ti kú.

Ó kó ogójì ìgò àkọ́kọ́ rẹ̀ wá ní Sátidé kan. Okùn búlúù ni tirẹ̀. Tẹ̀ẹ́wò bọ́ bàtà, ó gbé ẹsẹ̀ sókè.

"Kí lo fẹ́ ṣe?"

"Mo fẹ́ yẹ̀ ẹ́ wò ni, ẹ̀gbọ́n mi."

"Ẹsẹ̀ wo? Ẹsẹ̀ yìí náà? Ta ló kọ́ ọ ní ìrìn? Ta ló ń yọ jìgá nínú rẹ̀? Orí iṣẹ́ ọwọ́ mi lo wá fẹ́ gbé e lé lónìí, lójú gbogbo ayé!"

Àwọn èèyàn bú sẹ́rìn-ín. Ṣúmẹ́kà pàtẹ́wọ́.

"Hà, bíríkìlà! Sọ ẹsẹ̀ kalẹ̀, jàre. Ṣé o fẹ́ tẹ ìyá rẹ mọ́lẹ̀ ni?"

Ẹsẹ̀ náà ṣì wà lókè. Tẹ̀ẹ́wò wò ó bí ẹni pé kì í ṣe tirẹ̀. Ó sọ ọ́ kalẹ̀, ó wọ bàtà.

"Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀gbọ́n mi," ló wí.

Kò sí ẹni tó bá a wí. Èmi náà ì bá sọ ẹsẹ̀ mi kalẹ̀. Ọmọlúàbí kì í gun iṣẹ́ ọwọ́ ẹni tó pọ̀n ọ́n. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ló yẹ kó fi jì í. Àyẹ̀wò ló fi jì í.

Sátidé márùn-ún ló fi kó ìgò wá, ogójì lọ́kọ̀ọ̀kan. Igba ìgò, a kò sì tẹ ọ̀kan. Tẹ̀ẹ́wò kò fi wọ́n sí yàrá ẹnikẹ́ni. Ògiri ìwọ̀-oòrùn ilé ìdáná ló fi wọ́n ṣe, ìlà márùn-ún ìsàlẹ̀, nítorí ẹnu ọ̀nà ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kọjú síbẹ̀ gan-an. Ó yí ọrùn tiwọn síta, kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lè máa rí okùn búlúù rẹ̀ bí ó bá jókòó. Ẹ̀yẹ ló fi ṣe fún un.

Èmi ni mo ń na ìgò sí i lọ́jọ́ náà. Ọ̀kan fúyẹ́ lọ́wọ́ mi. Mo dúró. Ó wo ojú mi. N kò sọ̀rọ̀. Ó gbà á, ó tò ó, ó fi amọ̀ lé e.

Ọjọ́rú ni mo gbé òrùlé lé ilé ìdáná. Àgbá mọ́kànlá la là fún un, ó sì wúwo. Lọ́jọ́bọ̀, òjò tí kì í rọ̀ ní oṣù yẹn rọ̀. Ó rọ̀ lọ́jọ́ Ẹtì. Ní òwúrọ̀ Sátidé, ó ṣì ń rọ̀. Yàrá Ṣúmẹ́kà kò tíì ní òrùlé. Ó gbé àpótí ìjókòó rẹ̀ wọ ilé ìdáná, ó fẹ̀yìn ti ògiri ìwọ̀-oòrùn, ó ń rán bàtà.

Mo wà níta, mo ń fá pákó lábẹ́ ọ̀rá. Ohun tí mo gbọ́ kì í ṣe ariwo. Ó dà bí ẹni tó mí kanlẹ̀. Ìsàlẹ̀ ògiri ló kọ́kọ́ dẹ̀, òkè sì tẹ̀ lé e wọnú, pẹ̀lú àgbá mọ́kànlá.

A fi ọwọ́ wà á. Nígbà tí a bá a, ó ti kú. Abẹ́rẹ́ ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀ kan, bàtà oníbàárà wà lọ́wọ́ kejì. Ìyàwó rẹ̀ gba bàtà náà, ó nu ẹrẹ̀ ara rẹ̀, ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kí ó má baà sọnù. Ẹ̀yìn ìyẹn ló tó ké.

Okùn búlúù pọ̀ nínú ẹrẹ̀ náà. Ẹni tó lójú rí i. Kò sí ẹni tó dárúkọ rẹ̀.

Lọ́jọ́ kẹta tí a sin ín, wolé-wolé dé. Ó gbé ọ̀dà pupa àti búrọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́, èyí tí wọ́n fi ń sàmì sí ilé tí wọ́n máa wó. Gbogbo wa wà ní àgbàlá. Tẹ̀ẹ́wò jókòó sórí garawa tí a dojú rẹ̀ délẹ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ jókòó sẹ́nu ọ̀nà tirẹ̀.

"Ta ló mọ ògiri yìí?"

"Èmi ni, sà."

"Ta ló mọ àwọn yòókù?"

"Èmi náà ni."

"Ó parí nìyẹn. Ẹni tó mọ èyí tó wó ló mọ èyí tí kò tíì wó."

Ó fi ìṣó ṣí ọ̀dà. Ó rìn lọ síbi ilẹ̀kùn àkọ́kọ́, tí í ṣe tèmi. Mo mọ ohun tí Tẹ̀ẹ́wò ń rò. Bí ó bá dákẹ́, ilé méjìlá lọ. Bí ó bá sọ̀rọ̀, àṣírí ẹni tó tọ́ ọ ló máa tú, lójú opó Ṣúmẹ́kà.

"Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró."

Ó ní kí ilé kọ̀ọ̀kan mú ìgò kan wá nínú èyí tó ṣẹ́kù. Ilé mọ́kànlá mú un wá. Ó bọ́ bàtà, ó dúró lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ó ní kí wolé-wolé náà dúró lé wọn. Wolé-wolé fi bàtà rẹ̀ gùn wọ́n, ó fò lórí méjì. Kò sí èyí tó mira.

Tẹ̀ẹ́wò wá lọ síbi tí ògiri wó sí. Ó wa ìgò kan jáde ní igun, èyí tí kò tíì tẹ̀, okùn búlúù wà lọ́rùn rẹ̀. Ó gbé e wá síwájú ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ó dúró. Ó pẹ́ tó fi dúró. Ẹsẹ̀ kò gbé.

"Kí lò ń wò?" ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wí. "Ìwọ ọmọ yìí. Tẹ̀ ẹ́."

Ó tẹ̀ ẹ́. Ìgò náà di pẹlẹbẹ, ìdérí rẹ̀ fò. Eérú àti ọ̀rá ló tú jáde, yanrìn díẹ̀ wà lẹ́nu.

Opó Ṣúmẹ́kà wá wò ó. Ó bẹ̀rẹ̀, ó fi ọwọ́ kan eérú náà.

"Ẹ ò sọ, ìyá," ló wí. "Igba péré. Èmi ì bá dì í fún yín."

"Ìka mi kò gún un mọ́. Mo rò pé ohun tó bá ti kún, ó ti kún náà nìyẹn." Ẹ̀gbọ́n Tẹ̀ẹ́wò wo ọwọ́ ara rẹ̀. "Òfin sì ni. Òfin ọmọ mi."

Tẹ̀ẹ́wò padà jókòó sórí garawa rẹ̀.

Wolé-wolé bi í pé, "Kí ló dé tí o kò tẹ ti ìyá yìí láti ìbẹ̀rẹ̀?"

"Ẹ̀gbọ́n mi ni, sà."

Wolé-wolé wo ìgò náà nílẹ̀. Òun náà ti ilé kan wá. Ó dé ọ̀dà rẹ̀, ó fi àtẹ́lẹsẹ̀ bàtà tẹ ìdérí rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ó ní ilé méjìlá dúró. Ó ní kí a hú ilé ìdáná láti ìpìlẹ̀, kí bíríkìlà mìíràn mọ ọ́n.

"Ìwọ," ló wí fún Tẹ̀ẹ́wò, "o máa bá mi dé àgọ́ ọlọ́pàá. Èèyàn kú. Ibì kan wà tí wọ́n ti ń ro irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀."

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ di férémù ilẹ̀kùn mú, ó ń gbìyànjú láti dìde. "Èmi ni kí ẹ mú. Èmi ni mo dì í."

"Dídì ni tiyín, ẹ̀gbọ́n mi," ni Tẹ̀ẹ́wò wí. "Títẹ̀ ni tèmi."

N kò sọ pé ìgò kan fúyẹ́ lọ́wọ́ mi. Mo lè sọ ọ́ nígbà náà, ẹnu mi sì wà lára mi.

Tẹ̀ẹ́wò fa pẹ́ńsù yọ lẹ́yìn etí, ó nà án sí mi. Tèmi ni, ó ti wà lọ́wọ́ rẹ̀ láti ọjọ́ àpò sìmẹ́ǹtì. Ó nu eérú kúrò ní àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀, ó wọ bàtà ọ̀tún, ó wọ ti òsì.

"Ẹ wọlé, ẹ̀gbọ́n mi," ló wí. "Òjò tún ń bọ̀."

Ó dìde, ó tẹ̀ lé wolé-wolé lọ.