Onídìí Ewé, Onídìí Pupa

Mo rántí ìgbà tí ojú mi ríran débi pé mo fi ń ṣe yàngà. Festac ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kún nígbà náà, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ń kó wọlé, a sì ń fi iná jó àgbá omi alumíníọ̀mù pọ̀ fún wọn ní ṣọ́ọ̀bù kan ní Àmúwò. Ó máa ń rẹ̀ wá, ẹ jọ̀ọ́. Oòrùn lẹ́yìn, iná níwájú, láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Èmi òmùgọ̀ á tún ṣí ìbòjú sókè, kí àwọn tó ń lọ sí Mile 2 lè rí i pé ẹ̀rù iná kò bà mí.

Èmi àti Ẹ̀gbọ́n tó kọ́ mi níṣẹ́ la jọ ń lo ẹ̀rọ kan. Ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ tí iná ń gba ẹnu rẹ̀ jáde, tí à ń pè ní tọ́ńsítìn, oríṣi méjì ló wà nínú agolo mílíìkì wa. Èyí tí wọ́n kun ìdí rẹ̀ ní àwọ̀ ewé ni ti alumíníọ̀mù: ẹnu rẹ̀ á yọ́, á di róbótó, iná á dúró jẹ́ẹ́. Onídìí pupa, irin ló wà fún. Bí o bá fi jó alumíníọ̀mù lórí ẹ̀rọ wa yẹn, iná á máa ta kiri, á tu èérún dúdú sójú iṣẹ́, àgbá á sì jò.

Àgbá Ẹ̀gbọ́n wá bẹ̀rẹ̀ sí í jò. Ọ̀gá tó ni ṣọ́ọ̀bù ní, “Ẹ̀gbọ́n, bí ti ọ̀la bá tún jò, ẹ máa lọ sinmi nílé o.” Ìsinmi wo? Àwọn ọmọ Ẹ̀gbọ́n ń bẹ nílé ìwé. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn ni mo rí Ẹ̀gbọ́n tí wọ́n ń sún tọ́ńsítìn mọ́jú, tí wọ́n tún ń sún un jìnnà, tí wọ́n sì mú onídìí pupa. Iná ti jẹ ojú Ẹ̀gbọ́n. Ewé àti pupa ti di ọ̀kan náà lójú wọn. Àwọn àgbà ní a kì í ṣojú oníka mẹ́sàn-án ka ìka rẹ̀. Báwo ni mo ṣe fẹ́ sọ ọ́?

Kí n tó lọ sílé, mo fi òkúta ìpọ́nrin ha àmì sí ìdí gbogbo onídìí ewé, mo dá wọn padà sínú agolo. Láàárọ̀, Ẹ̀gbọ́n ki ọwọ́ bọ̀ ọ́, àtàǹpàkò wọn kan àmì náà. Wọ́n dúró.

“Ta ló ha èyí?”

“Èmi ni, sà. Kó má baà máa yọ̀ lọ́wọ́ ni.”

Wọ́n wò mí títí. Wọ́n tún ki ọwọ́ bọ agolo, wọ́n fọwọ́ wá òmíràn tó ní àmì, wọ́n jókòó tì í, wọ́n jó àgbá náà. A pọn omi sí i, ẹ̀kán kan kò jáde. Ọ̀gá kọjá lọ.

Ẹ̀gbọ́n kò dúpẹ́, n kò sì retí rẹ̀. Ọjọ́ tí wọ́n ń padà sílùú wọn ni wọ́n fọwọ́ tọ́ mi léjìká: “Ìwọ tí ò ń wo iná lójú korokoro yìí, wọn kì í ta ojú ní Mile 2 o.” Mo rẹ́rìn-ín. Mo rò pé àwàdà ni.

Abúlé Adó ni mò ń gbé báyìí. Ìgò oògùn ojú méjì ni wọ́n fún mi nílé ìwòsàn, onídèérí ewé fún àárọ̀, onídèérí pupa fún alẹ́. N kò sọ fún ẹnikẹ́ni pé bákan náà ni wọ́n rí lójú mi. Láàárọ̀ yìí, mo nawọ́ sí wọn, mo bá rọ́bà kan tí wọ́n wé mọ́ ọrùn ọ̀kan. Mo bi ọmọ mi obìnrin pé ta ló wé e.

“Èmi ni, Dádì. Kó má baà máa yọ̀ lọ́wọ́ yín ni.”

Mo wo ibi tí ohùn rẹ̀ ti wá títí. Mo fọwọ́ wá ìgò tó ní rọ́bà, mo ṣí i.