Eégbọn Ibùdó Kẹrin

Ohun àkọ́kọ́ tí obìnrin náà máa ń sọ fún akẹ́kọ̀ọ́ tuntun ni pé kó jókòó, kó ka ẹsẹ̀ eégbọn. Bó bá ka mẹ́jọ, wọ́n lè jọ máa bá ọ̀rọ̀ lọ. Bó bá ní mẹ́fà ni, á ní kó tún un kà, torí ọmọ eégbọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde látinú ẹyin nìkan ló ń ní mẹ́fà, èyí tó wà níwájú rẹ̀ kì í sì í ṣe ọmọdé. Ọdún kọkàndínlógún rèé tó ti ń sọ ọ́. Ọdún kọkàndínlógún rèé tí wọ́n ń kà á ní mẹ́fà.

Yunifásítì ló ń bá ṣiṣẹ́, ní láàbù tí wọ́n ti ń wádìí àìsàn tí eégbọn ń kó ran ènìyàn àti ẹran. Kì í ṣe ọ̀jọ̀gbọ́n, kì í ṣe ọ̀mọ̀wé. Òun ló ń ya eégbọn sọ́tọ̀ọ̀tọ̀, tó ń sọ pé irú báyìí nìyí, irú báyìí kọ́ nìyẹn. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń pè é ní Màmá lójú, wọ́n ń pè é ní Ìyá Eégbọn lẹ́yìn. Ó mọ méjèèjì. Èyí tí wọ́n ń pè lẹ́yìn ló tẹ́ ẹ lọ́rùn jù, torí iṣẹ́ rẹ̀ wà nínú ẹ̀.

Iṣẹ́ ọ̀hún kò ṣòroó sọ. Ibùdó mẹ́ta ni wọ́n ní létí igbó tó wà lẹ́yìn ìlú. Ní ọ̀sẹ̀ méjì méjì, wọ́n á wọ́ aṣọ funfun kan, tó tó ìdajì aṣọ ibùsùn, lórí koríko. Eégbọn tó lúgọ sórí ewé á rò pé ẹran ló ń kọjá, á gùn ún. Wọ́n á fi ẹ̀mú kékeré ṣà á sínú ìgò sípíríìtì, ìgò á dé ọ̀dọ̀ Màmá, Màmá á gbé e sábẹ́ maikirosikóòpù. Látinú ohun tó bá kọ sílẹ̀ ni àwọn yòókù ti ń mọ irú eégbọn tó ń gbé níbo, irú ẹran tó ń mu lẹ́jẹ̀, àti ọ̀nà tí ibà tó ń ṣe àwọn tó ń gbé nítòsí igbó ń gbà wá. Bí òun bá pè é ní ohun tí kì í ṣe, gbogbo wọn ti ṣìnà nìyẹn.

Ní ọjọ́ Ajé kan, akẹ́kọ̀ọ́ kan, Ọmọwé Kékeré, gbé ìgò kan wá, ó ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tó bímọ ọkùnrin. Màmá ló fún un lórúkọ yẹn. Ó ku ọdún kan gbáko kó gba oyè ọ̀mọ̀wé, àmọ́ ó ti ń rìn bí ẹni tí wọ́n ti ń kí.

"Màmá, ẹ bá mi wò ó. Ibùdó kẹta ni."

Màmá wò ó. Eégbọn mọ́kànlá ni, pupa rúsúrúsú, ara wọn gùn díẹ̀. Kò pẹ́ tó fi gbójú sókè.

"Eégbọn ajá nìyí. Eégbọn inú ilé. Kí ló wá ṣe nínú igbó?"

"Ìyẹn gan-an ló jẹ́ kó ya èmi náà lẹ́nu, mà. Ó ti wọ igbó. Ó ti ń mu ẹran igbó lẹ́jẹ̀. Ṣé ẹ rí i pé gbogbo máàpù wa ló máa yí padà?"

"Mo rí i pé eégbọn ajá ni," ni Màmá wí. "Aṣọ tẹ́ ẹ wọ́, inú kí lẹ gbé e sí kẹ́ ẹ tó débẹ̀?"

"Inú ọkọ̀ wa ni, mà." Ó ti ń nawọ́ gbé ìgò rẹ̀. "Ọ̀gá ti gbọ́. Inú wọn dùn gan-an."

Bẹ́ẹ̀ ni, inú ọ̀gá dùn. Ọ̀jọ̀gbọ́n tó ni láàbù náà kì í ṣe ènìyàn burúkú, àmọ́ ó ti tó ọdún mẹ́rin tí wọ́n ti ń lọ sí àpérò láìní ohun tuntun kan láti sọ. Kó tó di ọ̀sán, wọ́n ti kọ ìwé ránṣẹ́ sáwọn tó ń ṣètò àpérò ọdún yìí pé àwọn ti rí eégbọn ajá nínú igbó. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló kù.

Màmá jáde lọ wo ọkọ̀. Ó ṣí búùtù. Àpò tí wọ́n ń ká aṣọ funfun sí wà níbẹ̀, kò sí nǹkan tó bò ó, irun ajá sì kún orí ẹ̀ bí òwú. Awakọ̀ sáré jáde lábẹ́ igi tó ti ń sinmi. Ó fi ọdún méjì kéré sí Màmá, kò sì yé pè é ní ẹ̀gbọ́n, èyí tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fi ń ṣẹ̀fẹ̀ pé eégbọn ló ń pè.

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé kò sí?"

"Irun ta nìyí?"

Awakọ̀ wo irun náà bí ẹni tí kò rí irun rí. Nígbà tó yá, ó rẹ ohùn sílẹ̀. Ajá rẹ̀ ni, onílé rẹ̀ tuntun kò sì fẹ́ ajá. Ajá náà ti darúgbó, kò léyín mọ́, àwọn ọmọ rẹ̀ tó rà á sì ti lọ ilé ọkọ. Kó má baà jù ú sí títì ló ṣe ń gbé e wá síbi iṣẹ́ láràárọ̀, inú búùtù lajá ọ̀hún sì ń sùn, àfi lọ́sàn-án tó bá tẹ̀ lé e lọ sábẹ́ igi.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ má sọ. Wọ́n á lé mi."

"Mi ò ní dárúkọ rẹ," ni Màmá wí. "Ọ̀rọ̀ eégbọn ni mo fẹ́ sọ."

Ó lọ sí ọ́fíìsì ọ̀gá. Ó sọ ọ́ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́: aṣọ ti kan ajá kó tó kan koríko. Ọ̀jọ̀gbọ́n bọ́ awò ojú wọn, wọ́n nù ún, wọ́n dá a padà sójú.

"Màmá, ẹ ṣeun. Ṣé ẹ rí ajá nínú ọkọ̀ ni?"

"Irun ni mo rí, sà."

"Irun kì í ṣe eégbọn, Màmá. Ẹ jẹ́ ká rọra. Ìwé ti lọ. Kò dáa ká máa fi ọwọ́ ara wa ya aṣọ ara wa."

Eégbọn so mọ́ kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ nímú, wọ́n ní kí adìyẹ wá já a. Oúnjẹ adìyẹ ni eégbọn, adìyẹ fúnra rẹ̀ sì ni oúnjẹ kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀. Gbogbo wa la mọ òwe yẹn, àmọ́ ọjọ́ yẹn ni Màmá tó mọ bí ó ṣe ń rí lára adìyẹ. Ó dúpẹ́, ó jáde.

Nílé, ọkọ rẹ̀, tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́, jókòó ti rédíò. Ẹnu ọ̀nà ni Màmá ti máa ń gbọn aṣọ rẹ̀ kó tó wọlé, òfin ọkọ rẹ̀ nìyẹn láti ìgbà tí eégbọn kan ti gun ìrọ̀rí wọn lọ́dún kẹta ìgbéyàwó. Màmá gbọn aṣọ, ó wọlé, ó rò ó fún un.

"Kọ lẹ́tà sí wọn," ni ọkọ rẹ̀ wí.

"Àwọn tí mi ò lè fi ẹnu sọ fún, ṣé lẹ́tà ni wọ́n á kà?"

"Lẹ́tà ò ṣeé já lu. Wàá kọ ọjọ́ sí i, wàá fọwọ́ sí i."

"Bàbá, lẹ́tà mẹ́sàn-án lẹ ti kọ nítorí gọ́tà iwájú ilé yìí. Ṣé gọ́tà ti ṣàn?"

Ọkọ rẹ̀ yí rédíò sókè díẹ̀. Inú ariwo rédíò yẹn ni Màmá ti rò ó pé ohun tí òun ń fi ẹnu bá wọn jà lé lórí, ó yẹ kí eégbọn fúnra rẹ̀ wá sọ ọ́.

Ní ọjọ́rú, ní nǹkan bí aago méjìlá ọ̀sán, ó mú aṣọ funfun tuntun tí kò tíì jáde nínú ọ̀rá rí, ó tẹ́ ẹ sínú búùtù ọkọ̀, ó sì gun orí ẹ̀, ó jókòó. Ooru ara àti èémí ni eégbọn fi ń mọ̀ pé oúnjẹ ti dé, Màmá sì ní méjèèjì. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ń mì dirodiro lẹ́yìn ọkọ̀. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń kọjá kí i, wọ́n rìn jìnnà díẹ̀, wọ́n rẹ́rìn-ín. Akọ̀wé kan dúró bi í bóyá ó ń rẹ̀ ẹ́.

"Ó ti ń rẹ̀ mí tipẹ́," ló fi dá a lóhùn. "Ẹ máa lọ."

Lẹ́yìn ogún ìṣẹ́jú, ọ̀kan yọ lábẹ́ rọ́bà tó wà létí búùtù. Nígbà tí aago kan fi máa lù, mẹ́rìnlá ti gun aṣọ. Méjì ti dé kókósẹ̀ rẹ̀. Ó fi ẹ̀mú ṣà wọ́n, ó kó wọn sínú ìgò, ó kọ "Ibùdó 4" sí i lára, ó sì gbé e ka tábìlì Ọmọwé Kékeré.

Kò pẹ́ tí Ọmọwé Kékeré fi sáré jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀.

"Màmá, àwọn ọjọ́sí náà ni. Wọ́n tún pọ̀ sí i. Ibo ni wọ́n ti rí i?"

"Kí ni mo kọ síbẹ̀?"

"Ibùdó kẹrin. Àmọ́ a ò ní ìkẹrin, mà."

"A ní i. Wá, jẹ́ kí n fi hàn ọ́."

Ó mú un lọ síbi ọkọ̀. Ajá arúgbó náà ti padà wá sùn sínú búùtù, orí rẹ̀ wà lórí àpò aṣọ ìwádìí. Ọmọwé Kékeré bẹ̀rẹ̀, ó wo irun tó wà lórí àpò náà. Ẹ̀rín ọjọ́ Ajé ti kúrò lójú ẹ̀, ojú ẹ̀ rí bí ti ọmọ tí wọ́n gba nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀, àánú rẹ̀ sì ṣe Màmá díẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé inú ṣì ń bí i.

"Ọjọ́ Ajé lẹ ti sọ fún mi," ló wá wí.

"Mo sọ."

"Kí ló dé tẹ́ ẹ ò pariwo?"

"Ṣé ariwo ni wọ́n fi ń ṣe sáyẹ́ǹsì ní tìẹ?"

Òun àti Ọmọwé Kékeré ló jọ lọ bá ọ̀gá. Lọ́tẹ̀ yìí, Ọmọwé Kékeré ló sọ ọ̀rọ̀, ọ̀gá sì gbọ́ ọ, ohun tó sì tún bí Màmá nínú nìyẹn. Síbẹ̀, ọ̀gá ṣe ohun tó tọ́. Wọ́n ní kí wọ́n tún ibùdó kẹta wọ́, pẹ̀lú aṣọ tuntun, kí wọ́n fi ẹsẹ̀ rìn wọ ibẹ̀ láti títì. Ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n fi wọ́ ọ. Eégbọn igbó pọ̀, kò sí ti ajá kankan. Ọ̀jọ̀gbọ́n fọwọ́ ara wọn kọ̀wé sí àwọn tó ń ṣètò àpérò pé àwọn yọ ọ̀rọ̀ náà kúrò.

Wọn ò lé awakọ̀. Màmá ló bẹ̀bẹ̀ fún un. Ó ní ajá kò ṣẹ̀, awakọ̀ ò mọ̀, ẹni tó ká aṣọ ìwádìí láìwo ibi tó gbé e sí ló yẹ kí wọ́n bi. Arábìnrin kan tó ń tọ́jú ọgbà yunifásítì gba ajá náà sí ọ̀dọ̀, lẹ́yìn tí Màmá ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ yọ gbogbo eégbọn ara ẹ̀, láti aago mẹ́jọ sí aago mọ́kànlá.

Àmọ́ ọ̀gá kì í rí ìṣòro kí wọ́n má fi ìwé bò ó. Ní ọjọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e, fọ́ọ̀mù olójú ewé mẹ́ta dé: kí ọkọ̀ tó jáde, ẹnì kan á yẹ búùtù wò, á ka irun, á kọ irú irun tó jẹ́. Orúkọ Màmá ni wọ́n tẹ̀ síbi tó yẹ kí ẹni náà ti fọwọ́ sí i. Kò sẹ́ni tó bi í. Ó ka fọ́ọ̀mù náà lẹ́ẹ̀mejì, ó kọ "kò sí irun" sí gbogbo ibi tí wọ́n ti béèrè irun, ó sì fi ṣọwọ́.

Ọjọ́ kejì, Ọmọwé Kékeré tún gbé ìgò kan wá. Kò rẹ́rìn-ín. Ó gbé e kalẹ̀, ó fà sẹ́yìn, ó dúró.

"Mi ò tíì sọ fún ọ̀gá, mà. Mo ní kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wò ó."

Inú Màmá dùn sí ìyẹn, kò sì fi hàn. Ó yí ìgò náà síwá, ó yí i sẹ́yìn, ó wá tì í padà sí i lórí tábìlì.

"Ọjọ́ wo lẹ ṣà á?"

"Àná ni, mà."

"Ṣé àná ni mo máa kọ sínú ìwé? Lọ kọ ọjọ́ sí i."