Dókítà Tó Ń Kan Ìṣó Mọ́ Eegun Màlúù

Òṣùwọ̀n tí àwọn ẹlẹ́ja ọjà Agbassa ń gbé ẹja kọ́ máa ń rán mi létí dókítà Ìjẹ̀bú tó tún èjìká mi ṣe. Dókítà yìí á kan ìṣó tí wọ́n fi ń so iṣan mọ́ eegun sínú eegun màlúù, wọ́n á wá fi òṣùwọ̀n fà á, kí wọ́n lè mọ èyí tó lágbára jù, onírin àbí olókùn.

"Àbúrò, no carry anything o! Bọ́kẹ́ẹ̀tì omi gan-an, fi í lẹ̀!" ni wọ́n kìlọ̀ fún mi lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ náà.

Nígbà tí ìjà ìgboro lé wa kúrò nílé wa l'Ogunu, mo gbé jẹnẹrétọ̀ dé Effurun. Ìṣó èjìká mi yọ, mo bá padà sọ́dọ̀ dókítà.

"Ṣé o gbé nǹkan ni?"

"Rárá, sà."

"Á jẹ́ pé ìṣó mi ni kò dáa."

Wọ́n ra eegun màlúù míì láti tún ìṣó wọn dán wò. Mo fi ọwọ́ mi tó dáa bá wọn dì í mú, mi ò sì jẹ́wọ́.