Lẹ́tà Tó Wà Nísàlẹ̀ Àpótí Bàbá Mi

Nígbà tí obìnrin náà kọ́kọ́ pè mí láti Amẹ́ríkà, gbájúẹ̀ ni mo pè é. Ó ní ilé-ìkàwé yunifásítì kan lòun ti ń ṣiṣẹ́, pé wọ́n ń kó lẹ́tà àti ìwé àwọn òǹkọ̀wé ilẹ̀ wọn pa mọ́ síbẹ̀, àti pé ọ̀kan nínú wọn tó ti kú máa ń kọ lẹ́tà sí bàbá mi. Ṣé àwọn lẹ́tà náà ṣì wà? Mo ní ta ló fún un ní nọ́ńbà mi. Èmi tí mo ṣe tíṣà dalẹ̀, ta ló fẹ́ fi bébà àtijọ́ lù mí ní jìbìtì l'Ókè-Ìmẹ̀sí?

Òótọ́ ni pé òyìnbó obìnrin kan bá bàbá mi kọ́ni nílé-ẹ̀kọ́ girama ìlú wa, kó tó padà sílé lọ di òǹkọ̀wé. Ṣùgbọ́n kí ni àwọn oníjìbìtì ayé ìsinsìnyí ò lè wádìí?

Ìyá mi tún fura jù mí lọ. Ọrùn wọn ni kọ́kọ́rọ́ àpótí bàbá mi wà láti ọjọ́ tí a ti sin bàbá. Wọ́n ní kí n má dá obìnrin náà lóhùn mọ́.

Síbẹ̀, mo ní kí obìnrin náà fi ẹ̀rí hàn mí. Ó fi fọ́tò kan ránṣẹ́ sórí fóònù mi. Lẹ́tà tí mo fi ọwọ́ ara mi kọ ni mo rí. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, èmi ni mo máa ń fi ẹ̀kọ tútù lẹ àpòòwé lẹ́tà bàbá mi sí òyìnbó náà kí n tó gbé e lọ sí pósọ́fíìsì. Lọ́jọ́ kan, mo ki bébà tèmi bọ inú rẹ̀: ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ mú mi wá sọ́dọ̀ yín, mo fẹ́ kàwé. Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni, mi ò sì rí èsì.

Mo lọ bá ìyá mi, mo ní kí wọ́n fún mi ní kọ́kọ́rọ́. Wọ́n kọ̀. Ìgbà yẹn ni mo wá ń fura sí àwọn gan-an.

"Màmá, kí ló wà níbẹ̀?"

Wọ́n tú kọ́kọ́rọ́ náà lọ́rùn, wọ́n nà án sí mi.

Èsì náà wà nísàlẹ̀. Òyìnbó náà ní kí bàbá mi jẹ́ kí n máa bọ̀, òun á rán mi níléèwé.

"Èmi ni mo ní kí bàbá ẹ má dá a lóhùn," ni ìyá mi wí. "Mo ti sin ọmọ mẹ́ta kí n tó bí ọ. Ṣé kí n tún gbé ìwọ náà fún àlejò? Ulé yìí ni mo fẹ́ kí o dàgbà sí."

Inú bí mi débi pé mi ò lè jókòó. Mo jáde, mo ń wo òkè, títí wọ́n fi pè mí wá jẹun. Mo jẹ oúnjẹ náà tán.

Lọ́jọ́ kejì mo sọ fún obìnrin ilé-ìkàwé náà pé kí wọ́n wá kó àwọn lẹ́tà náà, àfi ọ̀kan tí ikán ti jẹ. Èsì ìsàlẹ̀ àpótí yẹn ni mo ní ikán jẹ. Inú ṣì ń bí mi o, ṣùgbọ́n àjèjì kan ò ní jókòó síbì kan máa dá ìyá mi lẹ́jọ́. Ó béèrè ohun tó wà nínú ọ̀kan yẹn. Mo ní mi ò kà á rí.