Àmọ̀kẹ́, Ẹni Tí Orúkọ Kì Í Tán Lẹ́nu Rẹ̀

Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé òun borí Àmọ̀kẹ́ ìyàwó Ràsáàkì rí nínú eré fa-orúkọ, irọ́ ló ń pa. Èmi Oyèlékè, ọmọ Òtù, tí mo fi ọdún mọ́kàndínlógún hun òfì ní Ìsẹ́yìn, mo bá a ta á tó ìgbà ọgọ́rùn-ún, gbogbo rẹ̀ ló sì fi ẹ̀yìn mi balẹ̀. Mo bínú sí i nígbà kan. Ìbínú náà ti lọ, ìyìn rẹ̀ ló kù lẹ́nu mi báyìí.

Ẹ̀yin tí ẹ kò hun òfì rí, ẹ ò lè mọ bí iṣẹ́ yẹn ṣe ń sú èèyàn. Láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, ẹsẹ̀ á máa tẹ̀, ọwọ́ á máa ju ọ̀kọ̀, igi pẹlẹbẹ tó ń gbé òwú kọjá, sọ́tùn-ún, sósì, ojú ò sì gbọdọ̀ kúrò lára aṣọ. Ẹnu nìkan ló ráyè. Ìdí nìyẹn tí a fi ń fa orúkọ. Ẹnì kan á dárúkọ èèyàn ńlá kan, ìró tó bá kẹ́yìn orúkọ náà ni ẹnì kejì á fi bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀. Bí mo bá ní Ọ̀rànmíyàn, ìwọ lè ní Nkrumah, ẹlòmíì á ní Àfọ̀njá. Ẹni tí ayé mọ̀ ni kó jẹ́ o, o sì gbọ́dọ̀ lè sọ ohun tó ṣe. Orúkọ tí wọ́n bá ti pè lẹ́ẹ̀kan, ó ti kú lọ́jọ́ náà nìyẹn. A kò ní aago. Adájọ́ á jókòó ti òfì rẹ̀, á máa hun aṣọ rẹ̀ lọ. Bó bá ti ju ọ̀kọ̀ lẹ́ẹ̀mẹwàá tí èsì kò jáde, ó parí.

Àmọ̀kẹ́ kò ká ìwé kankan. Àgọ́-Àmọ̀dù ni wọ́n ti gbé e níyàwó wá, ẹnu ọ̀nà ilé òfì wa ló sì máa ń jókòó sí, tí á máa ká òwú fún àwa ahunṣọ. Obìnrin gíga ni, ó dúdú, kì í pariwo. Níbo ló ti rí orúkọ? Ẹ bi mí dáadáa, nítorí èmi náà ṣe ìwádìí. Rédíò ọ̀gbẹ́ni tó ń ta èròjà kẹ̀kẹ́ ní òdìkejì títì kì í sinmi, etí Àmọ̀kẹ́ náà kì í sinmi. Bí awakọ̀ bá ti Ṣakí dé tàbí ti Ìbàdàn dé, omi ni yóò kọ́kọ́ fún un, lẹ́yìn náà ni yóò bi í pé ta ni wọ́n ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ níbẹ̀. Bí ọmọ rẹ̀ Àwáwù bá sì ti ilé ẹ̀kọ́ dé, á jókòó tì í, á máa ka ìwé ìtàn sókè, ìyá á máa ká òwú. Ohun tó bá wọ etí obìnrin yẹn kì í jáde mọ́.

Tíṣà kan wà tó ń jẹ́ Festus, aláṣejù ni. Ó gbọ́ òkìkí, ó wọ bàtà dídán wá sí ilé òfì wa lọ́jọ́ kan, ó ní kí wọ́n pe alákọ̀wé tí kò kàwé náà jáde. Àmọ̀kẹ́ pe Nasser. Festus rò pé ọwọ́ òun ti tẹ̀ ẹ́, ó ní, "Kí ni Nasser ṣe?" Àmọ̀kẹ́ kò gbójú sókè kúrò lára òwú. Ó ní, "Òun ló gba odò tí ọkọ̀ òkun ń gbà kọjá ní Íjíbítì padà lọ́wọ́ àwọn òyìnbó. Ẹ̀yin ló kàn, ẹ pe tiyín." Tíṣà wá orúkọ títí ọ̀kọ̀ fi lọ tó bọ̀ lẹ́ẹ̀mẹwàá. Nígbà tó ń lọ, Àmọ̀kẹ́ ní, "Ẹ kú ìrìn o, sà." Kò fi í ṣe yẹ̀yẹ́, kò rẹ́rìn-ín. Ohun tó ń dun èèyàn jù lára rẹ̀ nìyẹn: ó na ọ tán, ó tún kí ọ.

Ní ọdún 1980, Àwáwù yege ìdánwò àtiwọ ilé ẹ̀kọ́ girama. Ìjọba ti ní ọ̀fẹ́ ni, kò sí ẹni tó máa san kọ́bọ̀. A ti ń kí Àmọ̀kẹ́ kú oríire kí Ràmọ́nì tó la ẹnu. Ràmọ́nì yìí ni ẹ̀gbọ́n Ràsáàkì, òun ni olórí ilé, òun náà ni olórí ilé òfì wa. Kì í ṣe èèyàn búburú, ẹ má jẹ̀ẹ́ n purọ́ mọ́ ọn. Àbúrò rẹ̀ obìnrin ń ta ọjà ní Ilùa, ẹsẹ̀ ń dà á láàmú, kò sì ní ọmọ tó máa bá a gbé igbá. Ràmọ́nì ní Àwáwù ni yóò lọ bá a. Ó ní ọmọbìnrin tó ti mọ ìwé kà dé ìwé mẹ́fà, kí ló tún kù?

Ràsáàkì bàbá ọmọ gbà fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Bí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bá ní òṣùpá ló ń ran lọ́sàn-án gangan, Ràsáàkì á ní ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ pọ̀. Àmọ̀kẹ́ ló kúnlẹ̀. Ó kúnlẹ̀ lọ́jọ́ Ajé, ó kúnlẹ̀ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Lọ́jọ́rú, ó kúnlẹ̀ nínú ilé òfì lójú gbogbo wa. Orúkọ ọmọ Ràmọ́nì ló fi pè é, bí ìyàwó ilé ti ń ṣe. Ó ní, "Bàbá Mùrí, ẹ dákun. Èmi tí mi ò kàwé, etí ni mo fi ń ṣagbe kiri. Ẹ má jẹ̀ẹ́ kí ọmọ yìí náà fi etí ṣagbe."

Ràmọ́nì ti ń gbọ́ ẹ̀bẹ̀ yìí lọ́jọ́ mẹ́ta, ó ti sú u. Ó sì tún jẹ́ ẹni tí Àmọ̀kẹ́ ti nà nínú eré lójú àwọn ọmọṣẹ́ rẹ̀. Ó ní, "Ìyàwó, ṣebí orúkọ ni o mọ̀? Ọjọ́ Àbámẹ́ta, èmi àti ìwọ. Wàláì, bí o bá borí mi, ọmọ á lọ síléèwé. Bí mo bá borí rẹ, kó di ẹrù rẹ̀, mi ò sì fẹ́ gbọ́ ẹ̀bẹ̀ mọ́." Àmọ̀kẹ́ ní òun gbà. Ọkàn èmi balẹ̀ pátápátá, torí mo mọ ẹni tó ń bá a fa ọ̀rọ̀.

Èmi ni wọ́n fi ṣe adájọ́. Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta náà, gbogbo ahunṣọ ló pé, Àwáwù dúró sẹ́nu ọ̀nà, kò lè jókòó. Ìyá àgbà, ìyá tó bí Ràmọ́nì àti Ràsáàkì, wà níbi tó máa ń wà, lẹ́bàá ògiri, ó ń ran òwú. Ojú rẹ̀ ti ń ṣe bàìbàì, kì í bá wa dá sí eré.

Ràmọ́nì ló bẹ̀rẹ̀. Ó ní Mọrèmi. Àmọ̀kẹ́ ní Indira Gandhi. Ràmọ́nì ní Idi Amin. Eré ń lọ. Mo ń hun aṣọ mi, inú mi ń dùn. Mi ò fura pé gbogbo orúkọ tó fi ìró "i" bẹ̀rẹ̀ bíi ti Idi Amin yẹn ni Ràmọ́nì ń pa lọ́kọ̀ọ̀kan. Àwọn tí a mọ̀ nínú ilé òfì yẹn kò pọ̀, kò sì pẹ́ tí wọ́n fi tán. A ti ta á tó wákàtí kan nígbà tí Àmọ̀kẹ́ pe Mungo Park, òyìnbó tó tọ odò Ọya títí tó fi bá omi lọ.

"Kúrunmí," ni Ràmọ́nì wí. "Ààrẹ Ìjàyè." Ó wá rẹ́rìn-ín músẹ́.

Orúkọ kan ṣoṣo tó fi "i" bẹ̀rẹ̀ ló kù. Ta ni kò mọ ẹni tó kó ogun Ìbàdàn lọ bá Kúrunmí? Ìbíkúnlé ni, Balógun Ìbàdàn. Orúkọ náà kúkú fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lẹ́nu èmi adájọ́. Ìgbà yẹn ni mo rántí pé Ìbíkúnlé náà ni bàbá tó bí Ràmọ́nì ń jẹ́, kí Ọlọ́hun forí jì í. Ọmọ ọwọ́ tí ìyàwó bá bá nílé ọkọ, kì í pè é lórúkọ. Á ní Akọ́wé, á ní Ìdílẹ̀kẹ̀. Ká má ṣẹ̀ṣẹ̀ wá sọ bàbá ọkọ. Ràmọ́nì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó ti ronú rẹ̀ láti ọjọ́rú.

Mo bínú. Kí n má parọ́ fún yín, ó ṣe mí bíi kí n ju ọ̀kọ̀ náà lù ú. Ṣùgbọ́n adájọ́ ni mí, mo gbọ́dọ̀ hun. Mo ju ti èkíní. Mo ju ti èkejì. Mo wá ń hun bí ẹni tí ibà ń ṣe, mo ń tún òwú tí kò já so, mo ń nu ojú. Ràmọ́nì ní, "Oyèlékè, hun aṣọ rẹ." Mo ju ti ẹ̀kẹrin.

Àmọ̀kẹ́ ti dáwọ́ òwú dúró. Ó wo Àwáwù lẹ́nu ọ̀nà, ó wo ilẹ̀. Nínú mi lọ́hùn-ún, mo ń pariwo pé, sọ ọ́, obìnrin yìí, òkú ò ní í dìde. Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kórí ọmọ tuntun wọ́. Àgbà mẹ́rin ló wà nínú ilé òfì lọ́jọ́ náà, èmi náà ìkarùn-ún, orí ọmọ sì ń wọ́ lójú wa. Mo ju ti ẹ̀keje.

Àmọ̀kẹ́ kúnlẹ̀. Ó ní, "Bàbá Mùrí, mo mọ̀ ọ́n. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé mo mọ̀ ọ́n. Bàbá tó fi ọwọ́ ara wọn gbà mí wọlé, tí wọ́n ní ọmọ ni mo wá ṣe, mi ò ní í torí ọmọ tèmi pè wọ́n bí ẹgbẹ́ mi. Ẹ ti borí." Omi ń bọ́ lójú rẹ̀, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ kò yẹ̀. Mo ti rí akíkanjú láyé mi, mi ò rí irú èyí. Ọwọ́ mi ju ti ẹ̀kẹsàn-án láìmọ̀.

"Ìbíkúnlé."

Kò sí ẹni tó mọ ibi tí ohùn náà ti wá. A wo ara wa. Ìyá àgbà ni. Ìrànwú rẹ̀ ti wà nílẹ̀.

Ràmọ́nì ní, "Ìyá, kí lẹ wí?"

"Mo ní Ìbíkúnlé. Òun ló ṣẹ́gun Kúrunmí, àbí òun kọ́?"

"Ìyá, ẹ̀yin kọ́ lẹ̀ ń ta á."

"Ohun tó di ẹnu rẹ̀ ló di ẹnu tèmi. Èmi náà, wọ́n gbé mi níyàwó wá sínú ilé yìí ni. O fi orúkọ bàbá rẹ dẹ pàkúté fún ìyàwó ilé, Ràmọ́nì, o ń rẹ́rìn-ín. Ó dáa. Mo ti bọ́ sínú rẹ̀ fún un. Ìwọ ló kàn, pe tìrẹ."

Èyí tó kan Ràmọ́nì yìí, ẹ̀yin ará, mo hun ún bí ẹni tí òjò ń lé bọ̀. Ọ̀kọ̀ mẹ́wàá kò pẹ́ bí ìgbà tí èèyàn bá sín lẹ́ẹ̀mejì. Ṣùgbọ́n ká tilẹ̀ ní mo fi ọjọ́ mẹ́wàá hun ún, Ràmọ́nì kò ní í rí nǹkan sọ. Ìyá rẹ̀ ló ń wò. Ó bọ́ fìlà, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja nínú ẹ̀gbọ̀n òwú. Ó ní, "Kí Àwáwù lọ síléèwé. Ìyá, ẹ forí jì mí."

Àmọ̀kẹ́ ti rákò lọ bá a, ó gbé orí lé itan rẹ̀, ó ń bẹ̀ ẹ́ pé kó má bínú, pé òun ló kó o sínú èyí. Ìyá àgbà fi ọwọ́ pa á lórí. Ó ní ọdún mọ́kànléláàádọ́ta ni òun ti wà nílé yìí. Nígbà tí ọkọ òun wà láyé, Bàbá Ràmọ́nì ni òun ń pè é. Nígbà tó kú, tí gbogbo ìlú ń fi orúkọ rẹ̀ sunkún, Bàbá Ràmọ́nì náà ni òun fi ń sunkún. Ó ní òun ò mọ̀ pé orúkọ náà dùn lẹ́nu tó báyìí.

Ó tún pè é lẹ́ẹ̀kan sí i, jẹ́jẹ́. Eré ti tán, kò sí ẹni tó bi í ní orúkọ.