Omi Inú Rédíétọ̀

Dísẹ́ẹ̀lì dà sínú gọ́tà ládùúgbò wa ní Festac láàárọ̀ yìí, òórùn rẹ̀ sì gbé mi padà sí ibi tí Bàbá mi ti ń tún tírélà ṣe ní Mile 2.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin nìkan ló máa ń pè kó wá gbóòórùn omi rédíétọ̀. Bó bá ń rùn dísẹ́ẹ̀lì, kọ́ọ̀pù ínjẹ́tọ̀, ife irin kékeré tí kì í jẹ́ kí dísẹ́ẹ̀lì dà pọ̀ mọ́ omi ẹ́ńjìnnì, ló ń jò, wọ́n á pààrọ̀ rẹ̀. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ara mi ò gbà á mọ́ pé òun nìkan ni Bàbá ń pè.

“Dísẹ́ẹ̀lì ni, Bàbá,” ni ẹ̀gbọ́n mi wí.

Mo já agolo tí wọ́n bu omi náà sí gbà lọ́wọ́ rẹ̀, mo fimú sí i. Ó rùn débi pé ojú ń ta mí.

“Irọ́ ló ń pa, Bàbá. Omi lásán ni.”

Mo dàgbà kí n tó mọ̀ pé imú Bàbá kò gbóòórùn nǹkan kan mọ́ nígbà náà.

“Ṣó dá ẹ lójú?” ni Bàbá bi mí.

“Ó dá mi lójú, sà.”

Ó fi kọ́ọ̀pù àtijọ́ sílẹ̀ láìpààrọ̀ rẹ̀, ó de ẹ́ńjìnnì padà, ó fọwọ́ elépo pa mí lórí. Mo yínmú sí ẹ̀gbọ́n mi.