Garawa Ẹ̀yìn Alùpùpù

Títí di òní, bí òórùn epo pupa àti ti pẹtiróòlù bá pàdé ní imú mi, àfi kí n tutọ́.

Alùpùpù Ìlú Ọba ni mo ní nígbà náà, ọ̀kan nínú àwọn tí sójà gùn nígbà ogun. Kò tóbi, kò kéré, ó kàn ti gbó ni. Ìyàwó mi, ọmọ Ìlọ́bù, ti lọ bímọ lọ́dọ̀ bàbá rẹ̀ tó ń ṣòwò ní Jọ́ọ̀sì, mo sì ti búra pé alùpùpù yìí ló máa gbé mi débẹ̀. Nílé wa ní Ìfọ́n, mo ní kí wọ́n jó irin ìkẹ́rù mọ́ ọn, mo fi tìmùtìmù kún ìjókòó, mo sì de garawa pẹtiróòlù kan tó kún dé ìdajì mọ́ ẹ̀gbẹ́ táyà ẹ̀yìn, pẹ̀lú rọ́bà tó wọ inú ẹ́ńjìnnì, kí pẹtiróòlù má bàa tán mọ́ mi lọ́wọ́ nínú igbó.

Wáyà dé láti Jọ́ọ̀sì pé ó bí ọkùnrin. Bàbá mi ṣẹ̀ṣẹ̀ kú ni, orúkọ rẹ̀ ni mo fẹ́ kí ọmọ náà máa jẹ́. Mo gbọ́dọ̀ débẹ̀ kó tó di ọjọ́ kẹjọ, nítorí àna mi, tí ìjà ilẹ̀ àárín Ìlọ́bù àti Ìfọ́n kò jẹ́ kó fojúure wò mí, kò ní dúró dè mí.

Ta ló sọ fún gbogbo àdúgbò pé mò ń lọ? Ilẹ̀ kò tíì mọ́ tán tí wọ́n ti kó ẹrù àwọn ọmọ wọn tó wà ní Jọ́ọ̀sì dé: èlùbọ́, irú, adìyẹ ààyè! Ta ni yóò kọ̀ fún àgbà? Omi irú ń kán sórí ìjókòó mi, mo ń dọ̀bálẹ̀, mo ń rẹ́rìn-ín. Ó rí mi lára.

Nígbà tí mo kọjá Jẹ́bà, táǹkì gbẹ. Mo ṣí rọ́bà garawa. Alùpùpù wúkọ́, ó tu èéfín, ó kú. Mo ṣí ìdérí garawa, mo bá epo pupa, ó ti dà pọ̀ mọ́ pẹtiróòlù mi, ó ki bí ẹ̀kọ. Mo fi ìka ha á jáde nínú ẹ́ńjìnnì, eṣinṣin bò mí, mo bì sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì. Lọ́rì ẹlẹ́pà kan ló wá gbé èmi àti irin òṣì náà dé Jọ́ọ̀sì.

Àna mi ń họ egungun àgbò nígbà tí mo wọlé.

"O káàbọ̀," ló wí, kò dìde. "A ti sọ ọmọ lórúkọ lánàá. Orúkọ bàbá tèmi la sọ ọ́."

Ọ̀rá ń ṣàn ní àgbọ̀n rẹ̀.

Nígbà tí mo padà sí Ìfọ́n, mo bi àbúrò ìyá mi, tó ń ta epo pupa, bóyá ó mọ̀ nípa garawa náà.

"Èmi ni mo rọ ọ́ kún," ló dáhùn, inú rẹ̀ ń dùn. "O ti wọlé lọ dágbére nígbà náà. Mo rí garawa, mo ní, ọmọ dáadáa, ó rántí pé èmi náà lọ́mọ ní Jọ́ọ̀sì. Òkùnkùn ò jẹ́ kí n rí inú rẹ̀; ó rùn díẹ̀, mo rò pé kẹrosíìnì àtijọ́ ni. Ṣé ọmọ mi gbádùn rẹ̀?"

"Ẹ ṣé, Ìyá," ni mo wí.

Mo fi orúkọ bàbá mi kún ti ọmọ náà, ṣùgbọ́n ẹnu ti mọ́ ti àkọ́kọ́. Ó ti ń sáré kiri nígbà tí mo dúró lẹ́yìn rẹ̀ ní àgbàlá, tí mo pè é ní orúkọ bàbá mi lẹ́ẹ̀mẹta. Kò wẹ̀yìn. Mo gbé itọ́ mì, mo pè é ní orúkọ bàbá àna mi. Ó sáré wá, ó dì mọ́ mi lẹ́sẹ̀.